Kò Sí C Nínú Ábídí

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ̀yin ará ilé, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe dúró yìí. Omi kò tíì yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, a ò sì mọ ìgbà tó máa yọ, nítorí náà ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yín kalẹ̀, ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in sínú.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Súkúrà máa ń sọ fún àlejò pé kọ̀ǹpútà ni mò ń tà. N kò ta nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní abúlé ni mo wà. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní ojúlé tirẹ̀, bí ilé tiwa yìí ṣe jẹ́ ojúlé kẹtàdínlógún, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i má baà ṣìnà. Ojúlé àtijọ́, nọ́ńbà lásán ni, wọ́n fi dọ́ọ̀tì pín in sí mẹ́rin. Ó ti tán. Gbogbo ayé ti pín in tán. Tuntun tó dé gùn jù ú lọ, nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, lẹ́tà mẹ́fà sì wà nínú rẹ̀: A, B, C, D, E, F. Èyí kò lè tán lójú wa. Ọdún méjì gbáko la fi múra sílẹ̀ dè é. A ra ráútà tuntun, a fa kébù tuntun, mo sì fọwọ́ ara mi kọ ojúlé fún ogójì ilé ìwòsàn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìfọwọ́sí ọ̀gá àgbà nìkan ló kù.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣípẹ̀, kì í ṣe ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìwé ìdánwò Yorùbá ni wọ́n ń máàkì káàkiri ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́tàlélógún kí ìjọba tó gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa. Bírò pupa tí wọ́n fi ń máàkì nígbà náà, wọ́n mú un dání wá. Ẹ ó rí i pé 'wọ́n' ni mò ń pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn.

Abà Olókùúta wà lára ogójì yẹn. Àbúrò mi, Morádékẹ́, ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ibẹ̀, òun nìkan. Bí aboyún bá ń rọbí tí nǹkan fẹ́ yíwọ́, orí àpáta tó wà lẹ́yìn abà ni àbúrò mi ń sáré gùn kí fóònù rẹ̀ tó lè mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó tó lè bi dókítà tó wà ní ìlú léèrè ohun tí yóò ṣe. Lóṣù tó kọjá, òjò ti rọ̀ sórí àpáta náà. Obìnrin tó ń rọbí bí tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n àbúrò mi yọ̀, ó já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán. Wọ́n fi símẹ́ǹtì funfun dì í ní ọsibítù. Inú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà ṣì wà, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ torí kò sí ẹlòmíì tó máa ṣe é. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí ìwé mi ni Abà Olókùúta máa ní ojúlé, tí dókítà á máa yọjú sí i lórí kọ̀ǹpútà nínú yàrá ìgbẹ̀bí gan-an. N kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n dá ìwé náà padà fún mi nínú àpò ìwé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa. N kò ṣí i. Ẹ̀rù bà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo gbé e lé orí fíríìjì, mo ní ó di ọjọ́ Ajé. Iná kò kúkú sí láti ọjọ́ Ẹtì yẹn, kò sẹ́ni tó ń dé ìdí fíríìjì. Bí mo ṣe sùn lé ọ̀rọ̀ náà lórí nìyẹn.

Nínú àlá, ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa, mò ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Mo dé ibi tí ọ́fíìsì wa máa ń wà, kò sí níbẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i. Ó ń léfòó lókè igi máńgòrò, tòun ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bàbá Lámídì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa di kébù aláwọ̀ búlúù kan mú nísàlẹ̀, wọ́n fi so ọ́fíìsì náà bí ẹni so àgbò. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní kí ló dé. Wọ́n ní àwọn kan wá láàárọ̀, wọ́n yọ nọ́ńbà ojúlé kúrò lára ògiri, wọ́n ní ó ti di ti àtijọ́, wọn kò sì tíì mú tuntun dé. Wọ́n ní ilé tí kò bá ní ojúlé, ilẹ̀ ò ní gbà á. Ọ̀rọ̀ gidi ló jọ létí mi. Ohun tó dùn mí ni pé ẹnikẹ́ni kò pè mí lórí fóònù kí n tó kúrò nílé, ǹ bá wọ ṣòkòtò. Mo fi síkẹ́ẹ̀tì gun kébù náà dé òkè, Bàbá Lámídì kọjú sí ògiri títí mo fi wọlé.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mo bá ráútà àtijọ́ wa lórí àga. Ẹ̀yin ò mọ ráútà: àpótí kékeré kan ni, iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, òun ló ń darí ọ̀rọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún lọ́dọ̀ wa. Ó dé fìlà, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó sì ń kùn. Ó ní èmi ni mo fẹ́ lé òun lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní rárá o, bàbá, ẹ ti tó fẹ̀yìn tì ni. Ó ní òun kò kọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí òun dúró, kí òun kọ́ A, B, C ní ọjọ́ ogbó òun. Mo ní ráútà tuntun tí a rà ńkọ́? Ó ní ó wà nínú páálí lábẹ́ àtẹ̀gùn, ọ̀gá ń gbé ife tíì lé e. Inú bí mi. Mo ní ṣé nítorí ife tíì la ṣe fi ọdún méjì kọ lẹ́tà? Ó kàn ṣí àyà rẹ̀ bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni, ìdílé mẹ́wàá ló sì kún inú rẹ̀, torí nígbà tí ojúlé ti ń tán la ti ń ní kí wọ́n máa pín ọ̀kan lò. Ìyẹn kì í ṣe àlá, à ń ṣe é lóòótọ́. Fóònù kan dún lára ògiri. Dókítà ni, ó ń béèrè agbẹ̀bí Abà Olókùúta. Ọkùnrin kan tó ń sin ẹja ló gbé e, ó ní àwọn ẹja òun ti bímọ láìsí wàhálà, ẹ ṣeun. Inú dókítà dùn, ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo wá gbọ́ ohùn àbúrò mi láti ẹ̀yìn gbogbo wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "èmi ni wọ́n ń pè."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ títí tó ti sú u. Mo ti ara mi wọlé láti lọ fà á jáde, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà ti di dúrọ́ọ̀ tábìlì, pínnì ìwé nìkan ló wà nínú rẹ̀. Mo tì í padà, mo ń bá ọ̀nà mi lọ.

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti pàdé àwọn dọ́ọ̀tì. Àwọn tó ti wà láàárín nọ́ńbà ojúlé àtijọ́ ni, wọ́n pọ̀, wọ́n dúdú kirikiri, wọ́n kó ẹrù wọn sínú náílọ́ọ̀nù. Nínú ojúlé tuntun kò sí iṣẹ́ fún wọn mọ́. Dọ́ọ̀tì méjì tó gun ara wọn lórí ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Mo kí wọn kú ìrọ́jú. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n má dààmú, ọ̀gá àgbà ti bá àwọn wá iṣẹ́. Mo ní irú iṣẹ́ wo. Ó ní iṣẹ́ abẹ́ ni. Mo ní abẹ́ kí ni. Ó ní abẹ́ lẹ́tà, pé ibẹ̀ tutù, oòrùn kì í pa èèyàn níbẹ̀. Wọ́n tò gba ẹ̀gbẹ́ mi lọ sókè, mo sì tẹ̀ lé wọn torí ọ̀dọ̀ ọ̀gá lèmi náà ń lọ.

Yàrá ìpàdé kún. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méje jókòó yí tábìlì ká, ọ̀gá wà lórí àga ńlá, bírò pupa lọ́wọ́, ìwé mi níwájú wọn. Ọ̀gá ń ka àwọn ojúlé tuntun sókè, wọ́n ń fi ohùn kà á, dò rè mí, wọ́n sì ń mi orí. Wọ́n bi mí pé àmì ohùn rẹ̀ dà. Mo ní ẹ̀rọ kì í lo àmì ohùn, sà. Wọ́n ní báwo ni ẹ̀rọ ṣe wá ń mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́. Gbogbo ìgbìmọ̀ ní hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú àlá yẹn, èmi kò rẹ́rìn-ín, èsì ni mò ń wá.

Wọ́n wá ní kí àwọn lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bọ́ síwájú. A wá, B wá, wọ́n fún wọn ní àga. Ó kan C. Ẹ mọ bí a ti ń pe orúkọ rẹ̀, Sí. Ó tínrín, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tí inú ń run.

"Orúkọ rẹ?" ọ̀gá bi í.

"Sí, sà."

"Sí ibo?"

"Sí Abà Olókùúta, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wà nínú ojúlé wọn."

Ọ̀gá ṣí ìwé ábídí, wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè. A, B, D. Wọ́n padà sókè, wọ́n tún un tọ̀. "Kò sí," wọ́n wí.

"Mo sí, sà," ni C wí.

Wọ́n ní kó jáde. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń máàkì, ọmọ tó bá ti kọ C, òdo ni. Wọ́n wá ka àwọn lẹ́tà wa bí wọ́n ṣe tò gan-an: A, B, D, E, Ẹ, F. Wọ́n ṣírò rẹ̀, mẹ́fà géérégé. Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Èmi náà fi ìka kà á, mẹ́fà ni lóòótọ́, ìyẹn ló sì bí mi nínú jù lọ, pé ó bọ́ sí i. Àwọn dọ́ọ̀tì kò dúró gbàṣẹ. Wọ́n sáré wọ abẹ́ E inú ìwé mi, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń sọ pé ibẹ̀ tutù lóòótọ́.

Mo dìde. "Sà," mo ní, "kò sí ẹ̀rọ kan láyé yìí tó mọ Ẹ nínú ojúlé. Bí ẹ bá yọ C, gbogbo ilé tó ní C á pòórá. Àbúrò mi wà nínú ọ̀kan níbẹ̀."

"Ẹ̀rọ á kọ́ ọ," wọ́n wí. "Èmi náà, mo kọ́ ọ ni."

Ní ti àbúrò mi, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí n má sì gbàgbé àmì ohùn. Kí n tó dáhùn, mo rí ilé ìwòsàn Abà Olókùúta lára ògiri yàrá ìpàdé, kedere. C àkọ́kọ́ jáde nínú ojúlé rẹ̀, òrùlé lọ. C kejì jáde, ògiri yàrá ìgbẹ̀bí lọ. Morádékẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú oòrùn, ẹsẹ̀ funfun náà nà síwájú rẹ̀, ó ń kọ orúkọ àwọn aboyún sínú ìwé bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá ní kí ẹnì kan kín àbá náà lẹ́yìn. Ọkùnrin sísanra kan nítòsí fèrèsé nawọ́, ó ní "Mo kín in lẹ́yìn," ṣùgbọ́n kí ó tó dé ìparí ọ̀rọ̀ ó ti di ewúrẹ́, ibi tó yẹ kó ti sọ "lẹ́yìn", "mẹ̀ẹ́" ló sọ. Ẹnìkejì kín in, òun náà di ewúrẹ́. Ó yí tábìlì ká bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan. Ó bi ọ̀gá bóyá mee ni kí òun kọ tàbí mẹẹ. Ọ̀gá ní mẹẹ ni, kí dọ́ọ̀tì wà lábẹ́ méjèèjì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ara wọn pè é, kí akọ̀wé lè gbọ́ ohùn tó wà lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n pè é, irùngbọ̀n yọ. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, ìwo yọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, òbúkọ ló jókòó sórí àga ńlá, bírò pupa wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ pé 'rẹ̀' ni mo sọ. Títí dé ibẹ̀ mo fún wọn ní ọ̀wọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di òbúkọ, 'ó' ti tó o.

Kò yà mí lẹ́nu. Ìpàdé wa kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ohun tó mú orí mi gbóná ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé náà. Ọdún méjì mi. Mo bọ́ bàtà, mo ń lù wọ́n láti ìdí tábìlì dé ìdí tábìlì, mo ń pariwo pé ẹ tu ú jáde, wọ́n kàn ń jẹ ẹ́ lọ pẹ̀lú sùúrù. Akọ̀wé ṣì ń kọ sílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ kan ń dí ìpàdé lọ́wọ́. Mo já C tó kù gbà lẹ́nu òbúkọ, mo gbá a mọ́ abíyá. Ó fúyẹ́, ó tutù, bí ẹ̀gbà ọwọ́ tó kán. Mo gba ojú fèrèsé bẹ́ sílẹ̀.

Ìsàlẹ̀ kì í ṣe ìdí igi máńgòrò mọ́, orí àpáta Abà Olókùúta ni mo balẹ̀ sí. Àbúrò mi ń gun ún bọ̀, ó ń fi ìdí wọ́, ó ń fa ẹsẹ̀ funfun náà tẹ̀ lé ara rẹ̀. Nísàlẹ̀, obìnrin kan ń ké nínú ilé tí kò ní òrùlé. Mo ní kó dúró níbẹ̀, mo ti mú un bọ̀. Ó ní kí ni mo mú bọ̀. Mo na C sí i. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyọ kan? Mẹ́ta lẹ ní kó jẹ́."

Mo ní òbúkọ ti jẹ méjì. Ó wò mí. N kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi. Òbúkọ náà sì yọ lẹ́yìn rẹ̀ láìkánjú, ó tẹ orí ba, ó fi bírò pupa fi dọ́ọ̀tì kékeré kan sí abẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ tó kù, ẹsẹ̀ òsì tó dára. Ó rọra fi í síbẹ̀, bí ẹni tó ń ṣe àtúnṣe. Ẹsẹ̀ àbúrò mi yọ̀ lórí dọ́ọ̀tì náà.

Mo fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ ti mọ́. Nǹkan kan ti já bọ́ ní kíṣìnnì. Iná ló dé, ẹ̀yin náà rí i pé ó dé láàárọ̀ yìí. Fíríìjì mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n, ó gbọn àpò ìwé náà sílẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ là, ìwé inú rẹ̀ fọ́n ká. Mo kúnlẹ̀ láti ṣà á. Òun ni mo gbé dání yìí. Ẹ wò ó, ẹ má fọwọ́ omi kàn án. Ojúlé ogójì ilé ìwòsàn nìyí. Ọ̀gá kò fọwọ́ sí i. Gbogbo C tó wà nínú rẹ̀ ló fi bírò pupa yí po, kò fo ọ̀kan. Níbi tí E bá wà, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: E ni tàbí Ẹ? Ìsàlẹ̀ rèé: "Kò sí lẹ́tà tí mo yí po yìí nínú ábídí wa. Ẹ tún un kọ, kí ẹ sì fi àmì sí i." Ó fún mi ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Morádékẹ́ ni. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ti mọ ibi tó wà kó tó la ẹnu. Mo ní, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn? Ó ní kí n má bínú, ìyàwó kan ló ń rọbí láti àná, òun ti bá dókítà sọ̀rọ̀ tán, òun ní kí òun kí mi kí òun tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ojúlé wa ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?" ó ní. "Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i?"

Mo wo ìwé náà nílẹ̀. "Wọ́n ní kò sí."

"Kò sí kí ni?"

N kò lè sọ ọ́. Ẹ bá mi sọ ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan gun àpáta pé lẹ́tà kan ni? Ìlà já níbi tí mo ti ń wá ẹnu. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹfà láti ìgbà náà, kí n lè gbọ́ pé ó ti sọ̀ kalẹ̀ láìséwu, obìnrin inú fóònù sì ń dá mi lóhùn pé kò sí.

Omi ti ń yọ, mo rí i. Ẹ bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì mi sídìí ẹ̀rọ, bó bá kún kí ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà mi. Èmi ń lọ sọ́fíìsì. Ẹ sì wò mí dáadáa, ṣòkòtò ni mo wọ̀.